Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Nígbà Tí Olè Bá Káni Mọ́ Ìtòsí Ilé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọkùnrin méjì tó wà lórí ọ̀kadà yọ ọ̀bẹ sí mi ní ìkòríta tí kò jìnnà sílé wa, wọ́n sì já fóònù àti báàgì mi gbà. Wọn ò gún mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìn mi, àyà mi á já. Oorun ò kùn mí mọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn tó jìn ni mo sì ń gbà lọ sọ́jà báyìí. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé fóònù ni, kì í ṣe ẹ̀mí. Ṣé kì í ṣe pé orí mi ti ń dàrú? (Ìyá Ìbejì, Agége)

Èsì: Orí yín pé, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú ewu o. Nígbà tí ọ̀bẹ yẹn yọ, ara yín múra àtisá, ọpọlọ yín sì so gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ mọ́ ewu náà, títí kan ìró ọ̀kadà. Ìdí nìyẹn tí ìró lásán fi ń jí ẹ̀rù náà padà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín bí oṣù kan. Ẹ bá wa kí baálé yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé "gbàgbé ẹ̀" kì í woni sàn. Kí wọ́n máa sìn yín rìn ló máa ṣe yín láǹfààní.

Ohun tó kọ wá lóminú jù nínú lẹ́tà yín ni ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yà fún ìkòríta, ara máa ń tù yín, ọpọlọ á sì gbà pé yíyà yẹn ló gbà yín là. Bí ẹ̀rù ṣe ń ta gbòǹgbò nìyẹn: ìkòríta lónìí, gbogbo àdúgbò tó bá yá. Ẹ padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tí àwọn oníṣòwò ti pàtẹ, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ dúró níbẹ̀ títí ẹ̀rù náà yóò fi dín kù dáadáa. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sá kúrò nígbà tó le jù, ẹ̀rù náà ló borí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Tó bá ti mọ́ yín lára, kí ẹni tó ń sìn yín dúró lókèèrè, lẹ́yìn náà kí ẹ dá lọ, kí ẹ tó wá fi ìrọ̀lẹ́ kún un. A ò ní kí ẹ lọ lóru o. Ìkòríta tí kò níná lẹ́yìn aago mẹ́jọ, ọgbọ́n ni kéèyàn yà fún un.

Bí àyà bá já, ẹ mí sínú fún òǹkà mẹ́rin, kí ẹ mí síta fún òǹkà mẹ́fà, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mímí síta tó gùn yẹn ló ń dẹ eré ọkàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn oorun ní kẹ́mísì. Lexotan àti irú rẹ̀ máa ń di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Paraga náà ò dára: á gbé yín sùn, á sì jí yín láàárín òru. Bí oṣù kan bá kọjá, tí àlá burúkú àti ìjáyà náà ò sì dẹwọ́, ẹ lọ rí dókítà ní ọsibítù ìjọba, tàbí kí ẹ lọ sí ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ tó wà ní Yábàá. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yábàá dẹ́rù bà yín, wọ́n ń tọ́jú àìróorunsùn àti ìjáyà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Alẹ́ Sátidé ni wọ́n já fóònù mi gbà. Mo dúró di Mọ́ńdè kí n tó lọ sí báńkì, owó ti lọ. Pásíwọ́ọ̀dù wà lórí fóònù náà, báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Èsì: Síìmù ni. Pásíwọ́ọ̀dù fóònù ò dáàbò bo síìmù. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi sínú fóònù mìíràn, òǹkà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ á sì máa wọlé sọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ sínú ètò ààbò fóònù tuntun yín, kí ẹ fi PIN sí síìmù fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni síìmù, torí ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ẹ yá fóònù lójú ẹsẹ̀. Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù tí ẹ lè fi fóònù ẹlòmíràn tẹ̀ fún èyí, ẹ kọ ti yín sórí ìwé nísinsìnyí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí iléeṣẹ́ tó ni síìmù ti síìmù náà, kí ẹ sì fi NIN yín lọ ṣe welcome back, ìyẹn gbígba síìmù tuntun tó ní nọ́ńbà yín àtijọ́. Ìgbà tí ẹ bá fi síìmù tuntun ṣí WhatsApp ni tọwọ́ olè tó kúrò.

Fún fóònù Android, ẹ lọ sí android.com/find, fún iPhone, icloud.com/find. Ẹ tì í bí èyí tó sọnù, ẹ má tíì pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, torí Android tí ẹ bá ti pa rẹ́, ẹ ò ní rí ibi tó wà mọ́. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé pé wọ́n ti rí iPhone yín, kí ẹ wá tẹ pásíwọ́ọ̀dù, olè ló fi ránṣẹ́. Bí máàpù bá sì tọ́ka sí ilé kan, ẹ má dá lọ, ẹ má sì kó ọ̀dọ́ àdúgbò dání. Àmì yẹn lè kárí ilé márùn-ún, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n á sì fi táyà jó. Ọlọ́pàá ni kí ẹ bá lọ.

Ẹ gba police extract, ìwé ọlọ́pàá tó fi hàn pé ẹ ti fẹjọ́ sùn, ní tẹ́ṣàn, kí ẹ sì ṣe áfídéfíìtì ní kóòtù. Ká má purọ́, fóònù kì í sábà padà wá. Àmọ́ bí wọ́n bá fi nọ́ńbà yín lu jìbìtì, ìwé tó ní ọjọ́ àti aago ló máa gbà yín. Wọ́n á béèrè IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tó ní díjíìtì 15. Ó wà lára páálí fóònù. Ti fóònù tuntun, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ sì kọ ọ́ síbì kan.

Ìbéèrè: Àwọn olè yìnbọn lu aládùúgbò wa lẹ́sẹ̀. Ọsibítù ní ká kọ́kọ́ mú ìwé ọlọ́pàá wá. Ṣé òfin nìyẹn? (Mùṣín)

Èsì: Rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2017 pàṣẹ pé kí ọsibítù gbogbo, ti ìjọba àti ti aládàáni, tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, yálà ó ti sanwó sílẹ̀ tàbí kò tíì san. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò. Bí aṣọ bá rin, ẹ fi òmíràn lé e lórí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀bẹ ni, tó ṣì wà nínú ẹran ara, ẹ má fà á yọ. Kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù.