Ǹjẹ́ Kheer Ń Ṣara Lóore?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Mo gbọ́ pé àwọn ará Íńdíà máa ń fi ìrẹsì àti wàrà se oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n ń pè ní kheer. Ṣé ó ń ṣara lóore ni, àbí adùn lásán ni?

Ìdáhùn: Ó ń ṣara lóore, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìrẹsì díẹ̀ ni wọ́n ń rọra sè nínú wàrà púpọ̀ títí tí yóò fi ki, tí wọn yóò sì fi ṣúgà sí i. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni bí àwọn èròjà méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́: purotéènì inú ìrẹsì kò ní lysine (ọ̀kan lára àwọn èròjà kéékèèké tí ó para pọ̀ di purotéènì) tó, bẹ́ẹ̀ ni lysine pọ̀ nínú wàrà, nítorí náà purotéènì àpapọ̀ wọn wúlò fún ara ju ti ìrẹsì nìkan lọ. Wàrà tún ń pèsè kálísíọ̀mù fún eegun àti eyín, nǹkan bíi mílígíráàmù 120 nínú gíráàmù 100 wàrà màlúù. Fáíbà inú kheer kò tó nǹkan. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ dín ìwọ̀n tí ó ń jẹ kù, nítorí pé ìrẹsì àti ṣúgà jọ ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè ni.