Ṣé graphene lè ya tí a bá ń tẹ̀ ẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo lẹ graphene onípele kan mọ́ ara ike fẹ́lẹ́ tó nípọn tó 0.1 mm, mo sì fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa fún irin pẹlẹbẹ wo bí yóò ṣe ṣòroó tẹ̀ tó, àmọ́ èsì rẹ̀ kò bá ohun tí mo ń kà mu rárá. Ṣé kò ní ya?

Ìdáhùn: Títẹ̀ nìkan kò lè fà á ya. Bí ike náà bá ṣe ń nà án ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìṣirò yẹn. Tí a bá tẹ irin, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà, inú rẹ̀ á sún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí irin tó bá nípọn ní ìlọ́po méjì fi ń ṣòroó tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Graphene kò ní ẹ̀yìn, kò ní inú. Ìpele átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni. Tí ẹ bá fi 0.335 nm, ìyẹn àlàfo àárín ìpele méjì nínú graphite (ìpele graphene púpọ̀ tó tò léra), ṣe nínípọn rẹ̀, ìṣirò á gbé nǹkan bí 20 eV jáde (eV jẹ́ òṣùwọ̀n agbára; òun la fi ń sọ bí ó ṣe ṣòroó tẹ̀ tó níbí). Ti gidi kò ju bí 1.5 eV lọ, torí pé ìdè àárín àwọn átọ́ọ̀mù ló kàn ń yí igun padà díẹ̀, kò sí èyí tó ń nà.

Nínà rẹ̀ ló wá le. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Columbia fi ṣóńṣó dáyámọ́ǹdì tẹ graphene tó bo ihò kékeré mọ́lẹ̀. Ó nà tó nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 kó tó já, bẹ́ẹ̀ ó ṣòroó nà ju irin lọ ní bí ìlọ́po márùn-ún!

Ó wá ku tiyín. Tí ẹ bá tẹ ike yẹn yí ọ̀pá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 10 mm ká, ẹ pín 0.1 sí ọ̀nà 10: graphene á nà ní ìdá 1 nínú 100. Kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n hù sórí bàbà ni, ẹ má gbọ́kàn lé 25 yẹn o. Ó máa ń ní ojú ìsopọ̀ níbi tí àwọn ègé rẹ̀ ti pàdé, ó sì máa ń ya díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i kúrò. Ibẹ̀ ni yíya ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ Raman, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ léésà yẹ nǹkan wò, wò ó bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tí ṣóńṣó 2D, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ṣóńṣó tí graphene máa ń gbé jáde lórí àwòrán ẹ̀rọ náà, kò bá sún kúrò lójú kan, graphene ń yọ̀ lórí ike ni, nínà náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀pá yín bá tún kéré sí i, ẹ wá ike tó fẹ́lẹ́ jù yẹn lọ. Tí nínípọn rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, nínà náà á dín kù sí ìdajì.