Yàrá 12, ìyá mẹ́ta: ìdí-igi ni àbí orí-ò-jorí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí bàbá wa ti di olóògbé. Wọn ò kọ ìwé ìhágún. Ilé oníyàrá 12 kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa n'Íbàdàn. Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú ilé náà. Ìyá àgbà bí ọmọ márùn-ún, èmi nìkan ni ìyá mi bí, ìyá kékeré sì bí méjì. Bọ̀dá àgbà tó jẹ́ àkọ́bí bàbá ló ń gba owó ilé látìgbà náà. Wọ́n ní orí-ò-jorí làwọn máa fi pín in, ìyá mi ní ìdí-igi ni àṣà. Mo sì tún gbọ́ pé bọ̀dá ti ń mú àwọn tó fẹ́ ra ilé wá wò ó. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní obìnrin ni mí, kí n gbájú mọ́ ilé ọkọ mi. Ta ló tọ̀nà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà o. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá wo ilé ló já mi láyà jù. Mo máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ẹ̀ ń jà lé lórí.

Ìdí-igi túmọ̀ sí pé ìyá tó bímọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí kan. Ìdí mẹ́ta lẹ ní, yàrá mẹ́rin ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa mú mẹ́rin, àwọn ọmọ ìyá àgbà márààrún á jọ pín mẹ́rin tiwọn. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ mẹ́jọ ni yín, yàrá kan ààbọ̀ ló tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí ìyá àgbà á wá kó méje ààbọ̀, ẹ̀yin á mú kan ààbọ̀. Ohun tí ìyá yín àti bọ̀dá yín ń sọ kò yà mí lẹ́nu rárá.

Àwọn baba wa ò ṣàdédé gbé ìdí-igi kalẹ̀. Nínú agbo ilé, baálé ló ni ilé, àmọ́ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ni ààrò tirẹ̀ àti ìkòkò tirẹ̀. Èrè tó bá jẹ lọ́jà ló fi ń ra aṣọ ọdún fún ọmọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iyèkan fi yàtọ̀ sí ọbàkan lẹ́nu wa. Nígbà tí bàbá bá wá kú, ààrò kọ̀ọ̀kan làwọn àgbà ń wò tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún, wọn kì í ka orí ọmọ. Ìyá tó bí ẹyọ kan sin ọkọ bí ìyá tó bí márùn-ún ṣe sìn ín.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù rí. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dá lórí ọkùnrin kan tó kú láì kọ ìwé ìhágún, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi ti di ti àtijọ́, pé orí-ò-jorí ló bá ẹ̀tọ́ mu. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà yí i padà lọ́dún 1958, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1962: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé bí ìjà bá dé láàrin àwọn ọmọ, olórí ẹbí (àkọ́bí bíi bọ̀dá yín) lè yàn láti fi orí-ò-jorí pín in. Nítorí náà, ìyá yín ló sọ àṣà bó ṣe wà, bọ̀dá náà ò sì parọ́. Mi ò ní tàn yín jẹ lórí ìyẹn.

Èyí tí wọ́n sọ pé obìnrin ni yín ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ogún bàbá kan ọmọbìnrin bó ṣe kan ọmọkùnrin, ọgbọọgba. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole l'Ékòó lọ́dún 1908, ilé ẹjọ́ tiẹ̀ gbà pé lẹ́yìn ikú àkọ́bí ọkùnrin, obìnrin tó bá dàgbà jù lè di olórí ẹbí. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ olórí ìdí ti ìyá yín, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀.

Ipò olórí ìdí yìí ló máa gbà yín lórí ọ̀rọ̀ títà. Títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pín in, ilé ẹbí ni ilé náà, bọ̀dá kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo yín ni. Bí olórí ẹbí bá dá ilé ẹbí tà láìsí ọwọ́ àwọn olórí ìdí nínú rẹ̀, kóòtù lè fagi lé títà náà. Àmọ́ ẹni tó bá sùn lé e pẹ́ lè pàdánù ẹ̀tọ́ yẹn. Torí náà, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí kankan. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà sí bọ̀dá lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú pé ilé yìí kì í ṣe títà. Kí ẹ̀dà lẹ́tà náà dé ọwọ́ mógàjí, ìyẹn olórí agbo ilé yín, pẹ̀lú, bí ẹ bá ní in.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ bi yín: ṣé bàbá ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísírì pẹ̀lú ìyá àgbà? Bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá wà, òfin mìíràn lè gba ọ̀rọ̀ ilé yìí kúrò lọ́wọ́ àṣà, ìyá àgbà á sì ní ìpín tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Kò ní kí ẹ̀yin má jẹ ogún bàbá yín o. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kò gbà kí wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ wá ìwé yẹn kẹ́ ẹ tó lọ jókòó pín ogún.

Bí ẹ bá wá jókòó, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ló ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Lábẹ́ àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń jogún, ìyá ń tara ọmọ gbé ilé. Mo wà nínú ìpàdé ẹbí kan rí tí àwọn ọmọ ya yàrá ilé wọn sínú ìwé, wọ́n ń fi bírò pupa pín in. Ìyàwó bàbá kan tí kò bímọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n ka yàrá tó ń sùn mọ́ ìpín ẹlòmíì. Kò gbójú sókè, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé bírò sílẹ̀ ná.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá ìyá àgbà, ti ìyá yín àti ti ìyá kékeré kò sí nínú pípín níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà láyé, kí bọ̀dá náà sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ wá béèrè owó ilé ọdún mẹ́ta tó ti kọjá, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Yàrá mẹ́sàn-án ló máa kù tẹ́ ẹ máa jọ sọ̀rọ̀ lé lórí.