Bí mo ṣe ń gbàdúrà nígbà tí egungun bá ń jó

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó lè fèsì. O ní ọmọ ọdún 24 ni ọ́, SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ, ìyẹn àìsàn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bíi dòjé, ìgbáròkó ọ̀tún ò jẹ́ kí o sùn láti ọdún tó kọjá, pásítọ̀ yín sì ní kí o gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kí o da oògùn nù, kí o wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. O wá ń bi àwa tó ti pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí pé báwo la ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tí ìrora ò bá lọ.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kúrò nílẹ̀ ná. Má gbà á. Omi ni ààbò àwa tó ní ẹ̀jẹ̀ yìí. Bí omi bá dín lára wa, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á há sínú iṣan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé ni yóò máa ké. Ẹni tó bá ní kí o wà fún ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi kò mọ ohun tó ń sọ, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ tó. Bí ọkàn rẹ bá fà sí ààwẹ̀, gba ti fóònù. Mo ti gbà á rí, ó le ju ti oúnjẹ lọ.

Ọmọ ọdún 46 ni èmi, aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Fòníkú-fọ̀làdìde ni wọ́n ń pe àìsàn wa nígbà tí mo wà ní kékeré, orúkọ yẹn sì máa ń bà mí lẹ́rù ju àìsàn náà lọ, torí ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ṣáájú mi kú lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Àbíkú ni àwọn ará ilé bàbá mi pè é. Bàbá mi jẹ́ AS, màmá mi jẹ́ AS, ìyẹn ni pé wọ́n gbé àìsàn náà sínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn, wọn ò sì mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé ara wọn. Oyún kọ̀ọ̀kan tí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS. Lóde òní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n màmá mi fi ogún ọdún wá ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù orí kẹsàn-án ni wọ́n ti bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀, ṣé afọ́jú yẹn ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Mo kà á fún màmá mi lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń pọn ẹ̀wà níta. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń pọn ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà mi ò gbọ́ kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi mọ́ nítorí pé wọ́n bí mi.

Ohun tí wọ́n ní kí o ṣe yẹn, èmi ti ṣe é. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ìjọ kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ara mi sì fúyẹ́ lóòótọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. (Mo ti lo oògùn ìrora láàárọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rántí ìyẹn?) Wọ́n gbé máìkì fún mi. Mo ní mo ti di AA, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní àìsàn yìí rárá. Gbogbo ilé pariwo, èmi náà pariwo. Mo délé, mo da fólíkì áásìdì àti Paludrine mi sí ṣáláńgá.

Paludrine ló ń gbà wá lọ́wọ́ ibà, ibà sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún kíráísìsì, ìyẹn ìgbà tí ìrora bá dé lójijì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ibà dé. Ìrora tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó wọ àyà, mi ò lè mí délẹ̀. Páìnì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí mi lára. Àwọn méjì láti ìjọ náà wá kí mi, wọ́n ní mo ti fi iyè méjì ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá atẹ́gùn ní imú, mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ń ṣàìsàn.

Bàbá mi ló yí i padà, àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀ pé wọ́n yí nǹkan kan padà. Ọmọ Áńgílíkà paraku ni wọ́n, irú èyí tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè nínú àdúrà. Ìwé Àdúrà tí à ń lò pín Sáàmù 150 sí ọgbọ̀n ọjọ́, tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́, bàbá mi sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà oko. Ohun yòówù kí ọjọ́ náà mú wá, Sáàmù ọjọ́ náà ni wọ́n á kà. Sáàmù ìyìn ni wọ́n kà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jí alùpùpù wọn.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù ni wọ́n wá sí ọsibítù. Wọ́n jókòó, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n kà 86, wọ́n kà 87, wọ́n bọ́ sí 88. Bí o kò bá tíì kà á rí, lọ kà á. Ẹni tó kọ ọ́ ń ké sí Ọlọ́run tọ̀sán tòru, ó ní Ọlọ́run gbé ojú pamọ́ fún òun, ó ní láti kékeré ni ikú ti ń wo òun lójú. Mo ń retí ibi tí yóò ti yí padà, torí ó máa ń yí padà nínú àwọn Sáàmù yòókù: ẹni tó ń sunkún níbẹ̀rẹ̀ á máa dúpẹ́ níparí. Eléyìí ò yí. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá mi sọ “Ògo ni fún Baba” tí wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn Sáàmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n pa ìwé dé.

Mo ní, “Bàbá, ṣé ibẹ̀ náà ló parí sí?”

Wọ́n ní, “Ibẹ̀ ló parí sí.” Wọ́n bu omi fún mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ti sọ òdodo ìrora rẹ̀ fún Ọlọ́run lójú, kò fi ẹ̀rí kankan dídùn kádìí rẹ̀, wọn ò sì pa á rẹ́ kúrò nínú Ìwé Mímọ́. Àwọn Júù kọ ọ́ lórin. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá wa, wọn ò fi ṣúgà sí i. Èmi tí mo ti ń díbọ́n níwájú Ọlọ́run látìgbà tí mo ti gba máìkì yẹn, mo bú sẹ́kún, kì í ṣe ẹkún ìrora. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ fún un pé, “Ó ń dùn mí, inú ń bí mi sí Ọ.” Ilé ò wó. Ìrora náà ò lọ, ṣùgbọ́n mi ò dá wà nínú rẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni ìtùnú tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo tún sọ ọ́ nù lẹ́yìn náà. Ọdún 31 ni mo wà nígbà tí ìgbáròkó òsì bẹ̀rẹ̀. Ẹ́síréè fi hàn pé orí egungun itan ti ń kú torí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Kíráísìsì máa ń wá, ó máa ń lọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Tìgbáròkó ò lọ síbì kankan, ńṣe ló kó ẹrù ẹ̀ wọlé. Abẹ́rẹ́ pentazocine, oògùn ìrora tó lè di bárakú, ni mo sá tọ̀. Ẹnì kan ládùúgbò ń gún un fún mi, lẹ́yìn náà mo ń gún un fún ara mi, àtìgbà tí ìrora wà àtìgbà tí kò sí. Oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin pẹ̀lú aṣọ funfun, ojú abẹ́rẹ́ kún itan mi lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún àlùfáà wa, mo ti múra sílẹ̀ fún ìwàásù. Wọ́n kàn ní, “Ṣé kí n bá ọ lọ bá dókítà lọ́la?” Wọ́n bá mi lọ. Dókítà ò lé mi, ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó fún mi ní ohun mìíràn. Tí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ sí ọ, má ṣe dákẹ́. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa ju bí a ṣe ń sọ lọ.

Báyìí, báwo ni mo ṣe ń gbàdúrà? Àwa tó ní ẹ̀jẹ̀ yìí máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé eégún àwọn ẹlòmíì ń jó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, egungun tiwa ń jó nígbà tó bá wù ú. Nígbà tó bá ń jó lóòótọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, mi ò lè ka Bíbélì, mi ò lè kúnlẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ti ògiri, ìgò omi gbígbóná ní itan, mo bá fa èémí wọlé, “Olúwa”, mo bá tú u jáde pẹ̀lẹ́, “ṣàánú”. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà míì fún wákàtí kan. Mímí pẹ̀lẹ́ yẹn máa ń tú iṣan tó le, dókítà náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n torí ìyẹn kọ́ ni mo ṣe ń ṣe é. Mo ń ṣe é torí pé aago méjì òru gùn, mo sì fẹ́ ní ẹnì kan tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tó bá rọ̀, mo máa ń ka Sáàmù ọjọ́ náà bíi bàbá mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin ló máa ń ká mi lára jù, torí 22 àti 23 ló máa ń bọ́ síbẹ̀ pọ̀. Èyí tí Jésù ké lórí àgbélébùú, pé èé ṣe tí Ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀, ni wàá kọ́kọ́ kà, o ò ní tíì sinmi tí wàá fi bọ́ sí ti olùṣọ́-àgùntàn. Ta ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀? Inú mi máa ń dùn pé kò sẹ́ni tó fi àlàyé sáàárín wọn.

Ti oògùn, mi ò fẹ́ gùn ún. Pọ́ọ̀lù tó ń wo aláìsàn sàn ló kọ̀wé sí Tímótì pé kó máa mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbà gbogbo. Òun kan náà ló ní òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Kò ní Tírófímù ò nígbàgbọ́. Oníṣègùn ni Lúùkù tó ń bá a rìn kiri. Mo ń lo hydroxyurea láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kíráísìsì mi dín kù gan-an, kò tán. Bi dókítà rẹ léèrè nípa rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa ń bá a rìn, wọ́n á sì fẹ́ mọ̀ bóyá o fẹ́ lóyún. Kí o sì lọ ya ẹ́síréè ìgbáròkó yẹn kíákíá. Èmi fi ọdún kan àbọ̀ pè é ní ọ̀tá, tó jẹ́ pé egungun ló ń kú.

Àwọn èèyàn ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje. Wọ́n jókòó tì í nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Nínú ẹgbẹ́ ìyá wa, màmá kan wà tí kì í gbàdúrà sókè tí wọ́n bá wá kí mi. Wọ́n á gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n á fọ abọ́, wọ́n á sá aṣọ mi, wọ́n á ní “Ó dàárọ̀ o.” Wá irú wọn. Àwọn tó ń bọ̀ wá tú àṣírí ohun tó fa àìsàn rẹ, sọ fún wọn pé o ń sùn.

Mo mọ̀ pé wàá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé Ọlọ́run fi ìrora yìí kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Mi ò gbà. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbé Ara Olúwa wá bá mi nílé nígbà tí mi ò lè rìn, ohun tí mo máa ń rò ni pé ara tó jíǹde yẹn náà ṣì ní ojú ìṣó lọ́wọ́, Tọ́másì rí i. Mo sì ń tọrọ ìwòsàn títí di òní. Pọ́ọ̀lù tọrọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ pé oore-ọ̀fẹ́ tó fún un. Mi ò mọ iye tèmi mọ́. Owó iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó ò tíì pé, ẹ̀rọ oníná ni mo fi ń ránṣọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọ̀la ni ogúnjọ́ oṣù. Sáàmù 102 àti 103 ló kàn láàárọ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọkùnrin kan ní egungun òun jóná bí ààrò. Nínú èkejì, Olúwa ń tan gbogbo àrùn. Aago mẹ́fà ni màá kà wọ́n, bí ara bá gbà. Bí o bá fẹ́, kà wọ́n nígbà yẹn náà, kí o tẹ̀ mí láago lẹ́yìn rẹ̀. Gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí o tó sùn.