Kérésìmesì àkọ́kọ́ ọmọ yín ní Nìjẹ̀r

Màmá, ẹ kú àárò ọmọ. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ẹni ọdún 24, wà lẹ́nu iṣẹ́ ajíhìnrere ní abúlé kan lẹ́bàá Birni N'Konni ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, pé Kérésìmesì tó máa kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ nìyí, pé ó ní àlàáfíà lòun wà ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lórí fóònù kò jọ ti ẹni tó wà ní àlàáfíà. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ di ìrẹsì àti ẹran díndín ránṣẹ́ sí i, bóyá kí ẹ máa pè é lójoojúmọ́, tàbí kí ẹ kúkú ní kó wálé wá ṣọdún kó tó padà.

Òṣogbo níbí lèmi náà ti lọ. Òkè Báálẹ̀ nilé wa. Ọmọ ọdún 25 ni mí nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì rán mi lọ sí agbègbè yẹn gan-an, mo sì ṣe Kérésìmesì méjì níbẹ̀, ti 2017 àti ti 2018. Ní ti àkọ́kọ́, ojú mi rí màbo. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èsì mi: ẹ má ní kó wálé, ẹ má di ìrẹsì, ẹ má sì pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésìmesì.

Ẹ̀yin náà mọ bí Òṣogbo ṣe ń rí láti bíi ogúnjọ́ Dìsẹ́ńbà. Ẹ ò ní rí ọ̀nà gbà ní Olú-Òde. Ọlọ́kadà á so adìẹ mẹ́rin mọ́ iwájú ọ̀kadà, orí wọn á máa fì. Àwọn ọmọ á máa yin bángà lẹ́yìn ilé títí ẹnì kan á fi pariwo mọ́ wọn. Lọ́jọ́ ọdún fúnra rẹ̀, abọ́ ìrẹsì ò ní yé jáde láti ilé onígbàgbọ́ lọ sí ilé Mùsùlùmí. Alájì tó wà lódìkejì títì wa kì í dúró kí wọ́n gbé tiwọn dé. Láti ojúde ni wọ́n á ti máa pariwo pé adìẹ àwọn dà, bí àwa náà ṣe máa ń bèèrè ẹran Iléyá lọ́wọ́ wọn. Èyí ni ọmọ yín gbé sọ́kàn lọ. Èyí lèmi náà gbé lọ.

Àlùbọ́sà ni mo bá níbẹ̀.

Mi ò ṣàwàdà o. Ẹ lè ti ra àlùbọ́sà Galmi rí láìmọ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí èsè àlùkò. Ìlú Galmi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kò jìnnà sí Birni N'Konni. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́, àsìkò náà gan-an ni wọ́n sì ń ṣí àlùbọ́sà láti ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín sí lọ sínú oko. Wọ́n á pín ilẹ̀ sí kéékèèké bí ojú ọpọ́n ayò, wọ́n á máa fa omi nínú kànga, omi á máa gba ojú kan bọ́ sí òmíràn. Kò sẹ́ni tó máa torí 25 Dìsẹ́ńbà fi oko sílẹ̀ kó gbẹ.

Ọjọ́ Ajé ni ti 2017 bọ́ sí. Mo jí nígbà tí ládàánì pe ìrun àárọ̀, ohùn tí mo ti mọ̀ láti kékeré níbí. Mo wẹ̀, mo wọ àǹkárá tuntun tí màmá mi rán fún mi, mo jáde. Bàbá onílé mi gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n ní "Sannu," wọ́n kọjá lọ soko. Ọdún mi nìyẹn.

Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n pè mí láti ilé. Orí òkìtì iyanrìn kan lẹ́yìn abúlé ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé dáadáa, ibẹ̀ ni mo jókòó sí nínú oòrùn. Wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ ara wọn: àbúrò mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ tí mi ò dá ohùn wọn mọ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè, kí ni mo jẹ. Mo ní túwó jéró ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èmi nìkan ló kù. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wa lẹ́yìn wọn, mò ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń ha ìdí ìkòkò. Bí ogójì ìṣẹ́jú la fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó já, mo sunkún lórí iyanrìn yẹn bí ọmọ tó sọnù ní Ọjà Ọba. Ọjọ́ méjì ni mi ò jáde nínú yàrá. Màmá mi ò mọ̀ títí dòní. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.

Wọn ò ṣe ohun burúkú kankan. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì, tí ẹnì kan ṣoṣo bá mi sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, ǹ bá ti lọ sí oko àlùbọ́sà lọ́jọ́ kẹta.

Ọ̀rọ̀ adìẹ wà níbẹ̀ náà, màá sọ ọ́ torí ọmọ yín lè fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábúlé náà ni. Niamey, olú ìlú wọn, ni mo ti wà tẹ́lẹ̀, èdè Faransé ni mo sì fi ń nájà níbẹ̀. Mo fẹ́ pín ìrẹsì fún àwọn aládùúgbò bí a ṣe ń ṣe nílé. Mo lọ ra adìẹ, ọkùnrin náà ní "dala ɗari biyar." Mo gbọ́ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mo rò pé 500 sẹfà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, ni. Mo ní háà, ọjà pọ́ọ́kú, mo ní kó di mẹ́fà fún mi. Màmá, dala kan nínú Haúsá tiwọn, sẹfà márùn-ún ni. 2,500 ni adìẹ kan. Ó ti di mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́sẹ̀ kí n tó mọ̀, ojú sì tì mí láti dá a padà, ni mo bá ka 15,000 sílẹ̀. Oúnjẹ mi ti Jánúárì ló wà nínú owó yẹn.

Mo pa wọ́n fúnra mi lẹ́yìn ilé, mo sè wọ́n, mo gbé abọ́ lọ sílé mẹ́sàn-án lálẹ́ 24. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà á. Ní ọjọ́ kejì, àwọn abọ́ padà dé ní fífọ̀. Ìrẹsì ti tán. Ẹran pé pérépéré, wọ́n dì í sínú ọ̀rá fún mi.

Mi ò lóye rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta tí Bàbá onílé wá jókòó lórí ẹní mi. Wọ́n béèrè pé ta ló pa adìẹ náà. Mo ní èmi ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o ò lè pè mí ni?" Wọn ò bínú, wọn ò wàásù fún mi. Alájì tiwa ní Òkè Báálẹ̀ kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, mo sì gbàgbé pé ibi tí mo wà kì í ṣe Òkè Báálẹ̀. Adìẹ mẹ́fà, èmi nìkan, kò sí fíríìjì. Mo yan án gbẹ lórí iná, mo ń jẹ ẹ́ títí Ọdún Tuntun fi kọjá.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé Bàbá lọ soko. Mo ti gbàdúrà, mo ti gbààwẹ̀, mi ò sì sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n okùn kànga ló gbé mi dìde. Láàárọ̀, màá ka Bíbélì, màá fa omi títí oòrùn á fi mú. Lọ́sàn-án, màá kọ́ Haúsá lọ́dọ̀ bàbá àgbà kan. Lálẹ́, màá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwé kíkà. Inú oko ni èdè ti wọ̀ mí lára, torí ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ ti wà lẹ́nu wa: albasa, lafiya, albarka, wahala. Ọmọ Yorùbá wo ni kò gbọ́ wàhálà? Nígbà tó di Kérésìmesì 2018, ewúrẹ́ kan ni mo rà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo so ó mọ́ àgbàlá Bàbá. Àwọn fúnra wọn ló dúńbú rẹ̀. Kò sí ẹran tó padà wá. Àwa onígbàgbọ́ láti abúlé mélòó kan, a ò tó ọgbọ̀n, kóra jọ mọ́jú, àwọn obìnrin ń fi igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lùlù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ kéékèèké dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń tọrọ goron salla, ẹ̀bùn ọdún àwọn Mùsùlùmí, lọ́wọ́ Kìrìsìtẹ́nì. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fún wọn ní gbogbo súìtì tó kù.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ìbéèrè yín. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ lè fi ránṣẹ́ tó máa wúlò ni ẹ̀wù òtútù. Àwa níbí rò pé oòrùn nìkan ló wà ní Nìjẹ̀r. Òru Dìsẹ́ńbà níbẹ̀, màmá, eyín mi ń gbá ara wọn. Àmọ́ ẹ má kó o fún awakọ̀ kankan. Nígbà tèmi, Ìlọrin, Jẹ́bà, Kontagora, Yauri dé Sokoto la gbà, a kọjá ẹnubodè ní Illela, ọjọ́ méjì. Mi ò ní gba ọ̀nà yẹn lónìí. Wọ́n ti ẹnubodè lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀ ní Júláì 2023, wọ́n ṣí i padà ní Máàṣì 2024, Nìjẹ̀r sì ti jáde nínú ECOWAS láti Jánúárì 2025. Àwọn tó rán an lọ mọ bí ènìyàn àti ẹrù ṣe ń kọjá báyìí. Àwọn ni kí ẹ bi. Tí ẹ bá fẹ́ fi owó kún un, ẹ béèrè iye tó nílò ní sẹfà, kí ẹ sì ṣe é kí oṣù tó parí. Láti Júnì 2023 tí náírà ti já, iye tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ sílẹ̀ ní náírà lè ti di ẹ̀kún ọwọ́ kan tó bá fi débẹ̀.

Ní ti kó wálé: mo mọ ẹnì kan tó wá ṣọdún àkọ́kọ́ nílé, kò lè padà mọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò kéré sí tèmi.

Ẹ pè é lálẹ́ 26, kí ẹ̀yin nìkan bá a sọ̀rọ̀, níbi tí kò ti ní gbọ́ ariwo ilé. Ẹ má bi í pé kí lo jẹ. Ẹ bi í pé kí ni orúkọ onílé rẹ̀, àwọn ọmọ wọn ńkọ́, kí ni wọ́n ń gbìn, kí ló ṣe lánàá. Tó bá lè sọ fún yín, ọkàn yín lè balẹ̀ bó tilẹ̀ ń sunkún. Tí kò bá rí nǹkan kan sọ nípa àná, inú yàrá ló wà. Nígbà náà, alábòójútó rẹ̀ ni kí ẹ pè, kì í ṣe òun. Tó bá sì jẹ́ àìsàn ni, ilé ìwòsàn Galmi tí àwọn ajíhìnrere SIM dá sílẹ̀ ní 1950 kò jìnnà sí i.

Ẹ sọ fún un kó pe onílé rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan adìẹ. Bàbá tèmi ṣì máa ń pè mí ní gbogbo 25 Dìsẹ́ńbà. Wọn kì í kí mi kú ọdún. Wọ́n á kàn béèrè pé ta ló pa á lọ́dún yìí, màá ní Alájì òdìkejì títì ni, wọ́n á ní ó dáa, fóònù á já.