Èmi ni mo fi fóònù ká eré olórin sílẹ̀: ta ló ni fídíò náà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Níbi ìnáwó òkú bàbá wa àgbà n'Íbàdàn, mo fi fóònù mi ká eré olórin jùjú tí ẹ̀gbọ́n mi pè, mo sì gbé e sórí YouTube. Kò pẹ́ tí àwọn kan lórí Facebook gé orúkọ mi kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n ń fi pa owó. Ibi tí mo ti ń wá bí n óò ṣe mú wọn ni máníjà olórin náà ti pè mí, ó ní kí èmi gan-an yọ tèmi kúrò. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ni fídíò yìí ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀yin lẹ ni fídíò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Òfin kópíráìtì (ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ tó ṣe) ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹni tó ṣètò bí fídíò ṣe di ṣíṣe ló ni ín. Ẹ̀yin nìyẹn. Kò dìgbà tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan kó tó di tiyín.

Òfin kan náà fún olórin ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe lójú agbo: láìgbàṣẹ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká a sílẹ̀ kó sì máa tà á. Àádọ́ta ọdún ni ẹ̀tọ́ yìí fi ń wà. Kì í sì í ṣe ọ̀gá olórin nìkan ló ni ín. Mo wo fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọkùnrin tó ń fi ìyá ìlù ki ìdílé yín, tí òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí awọ, òun náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tó kọ orin náà tún wà lọ́tọ̀.

Mo rí i pé olórin náà wo inú fóònù yín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe orúkọ yín sínú orin. Lójú tèmi, ó gbà kí ẹ máa ká a. Kò gbà kí ẹ máa fi pa owó. Owó tí ẹ̀gbọ́n yín san, eré ọjọ́ náà ló fi rà, kò ra orin. Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníjùjú àti onífújì ti ń ta live play. Oúnjẹ wọn ni, ẹ má bínú sí máníjà.

Torí náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè padà. Bí ìpolówó bá ń mówó wọlé fún yín lórí fídíò náà, ẹ dá a dúró lónìí, torí bí YouTube bá fi ìkìlọ̀ kópíráìtì mẹ́ta lé yín lórí láàárín 90 ọjọ́, gbogbo ojúewé yín lè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a sọ ọ́: ta ni yóò gbé e jáde, báwo lẹ óò ṣe pín owó rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pé olórin nìkan ni ẹ fẹ́ fún láṣẹ láti lo fídíò náà, òfin ò gba ti ẹnu lásán.

Ìgbà yẹn lẹ óò wá jọ kojú àwọn ti Facebook: ẹ̀yin lórí àwòrán, olórin lórí eré. Òfin 2022 fún yín láyè láti kọ̀wé sí Facebook pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Fídíò àkọ́kọ́ inú fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Oníbàárà mi kan ti ta fóònù rẹ̀ kó tó wá bá mi. Èyí tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìkan ló kù. Àwòrán rẹ̀ ti ṣú, ọjọ́ àti wákàtí tó ká a kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìyà ẹ̀rí jẹ wá gan-an.

Bí máníjà bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí YouTube, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Òfin ò dí yín lọ́wọ́ láti máa wo ìnáwó bàbá yín.