Bí Usyk àti Fury Bá Tún Pàdé

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Àríyànjiyàn wa kò tíì tán níbi tí a ti ń wo ìjà ní Kábbà: bí Usyk àti Fury, àwọn afẹ̀ṣẹ́jà méjì nì, bá tún pàdé lẹ́ẹ̀kẹta, ta ni yóò borí?

Ìdáhùn: Usyk ni mo mú. Lóòótọ́ ni Fury fi gíga àti ìwọ̀n ara jù ú lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Riyadh ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọwọ́ òsì Usyk bà á ní abala kẹsàn-án débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́, tí ó sì jẹ́ pé okùn nìkan ni ó gbé e ró tí rẹfirí fi ka iye lé e lórí. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Usyk ní àmì 116 sí 112. Ẹsẹ̀ Usyk kì í dúró lójú kan, n kò sì tíì rí ohun tí Fury fi lè dá a dúró.